Èsì: Ṣé ọmọ ìjọ lè tako òfin wọ̀nyí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bèèrè bóyá ọmọ ìjọ tó wà ní Amẹ́ríkà lè tako àwọn aṣòfin tó fẹ́ fi òfin de oyún ṣíṣẹ́, tí wọ́n tún fẹ́ kí Òfin Mẹ́wàá wà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́ ìjọba, láìṣẹ̀ sí Ọlọ́run. Ó lè ṣe é dáadáa. Àwọn Onítẹ̀bọmi gan-an wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní kí ìjọba yọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Àwọn ìjọ wọn ní Danbury, Connecticut, ni Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ lẹ́tà sí ní 1802 nípa ògiri tó pín ìjọ àti ìjọba níyà. Ó jọ pé ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ti gbàgbé ìyẹn! Nígbà tí ìpínlẹ̀ Louisiana ṣòfin Òfin Mẹ́wàá yẹn ní 2024, àlùfáà wà lára àwọn òbí tó gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́.

Ní ti oyún, ìpínlẹ̀ ni kí ẹ dojú kọ, torí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti fagi lé Roe, ìdájọ́ tó fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣẹ́yún ní gbogbo Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹfà 2022. Kansas, níbi tí ọmọ ẹgbẹ́ Republican, ẹgbẹ́ òṣèlú tó sábà máa ń tako oyún ṣíṣẹ́, pọ̀ sí bí ilẹ̀ bí ẹní, dìbò lóṣù kẹjọ ọdún yẹn: nǹkan bíi 59% ló ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹ̀tọ́ yìí. Ohio náà dáàbò bò ó ní 2023. Ṣùgbọ́n ní Florida, 2024, nǹkan bíi 57% fara mọ́ dídáàbò bo ẹ̀tọ́ náà, ó sì já sí òfo, torí 60% ni òfin wọn ń béèrè. Nítorí náà, kí ẹ tó máa kó ìbuwọ́lùwé kiri láti gbé ọ̀rọ̀ náà wá fún ìbò aráàlú, ẹ kọ́kọ́ wádìí iye ìbò tí ìpínlẹ̀ yín ń fẹ́.