Ìgbẹ́ gbuuru lọ, orúnkún wú

Ìbéèrè: Ìgbẹ́ gbuuru ṣe mí. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tó lọ, orúnkún mi wú, ojú mi pọ́n. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Ó jọ reactive arthritis, ìyẹn oríkèé wíwú tó ń tẹ̀lé àrùn kòkòrò níbòmíràn nínú ara. Kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru, bíi Salmonella tàbí Shigella, ló ń tanná ràn án. Àwọn ọmọ ogun ara tó dìde sí i ló wá ṣìnà bá oríkèé. Ó máa ń tètè ṣe ẹni tó jogún àbùdá kan tí wọ́n ń pè ní HLA-B27. Àbùdá yìí ṣọ̀wọ́n láàárín àwa Yorùbá, nítorí náà bí àyẹ̀wò ò bá rí i, ẹ má tíì túra ká.

Kí dókítà kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi orúnkún náà wò: bí kòkòrò ààyè bá wà níbẹ̀, pàjáwìrì ni. Bí kò bá sí, oògùn ara wíwú bíi ibuprofen ni, lẹ́yìn oúnjẹ. Ampiclox tí ẹ dá rà ní kẹ́míìsì kò lè mú un wálẹ̀.