Fún ẹni tí àmì ìwakùsà òkè Panamint kò bọ́ sójú ibi tó yẹ

Àbúrò wa ní Kàbà, o ní o ka ibi ìwakùsà àtijọ́ lórí máàpù òkè Panamint ní aṣálẹ̀ California, o tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí àwòrán sátẹ́láìtì, ó sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àpáta lásán. O wá ń béèrè bóyá irọ́ ni máàpù náà. Kì í ṣe irọ́. Dátọ̀mù ni, ìyẹn ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi ń wọn ipò ibi gbogbo lórí ilẹ̀ ayé. Ó máa ń bí mi nínú gan-an pé àwọn olùkọ́ máàpù kì í bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀, orí àwọ̀ àti lẹ́tà ni wọ́n máa ń pẹ́ sí.

Dátọ̀mù NAD27 ni wọ́n fi ya máàpù àtijọ́ yẹn. Dátọ̀mù míì, WGS84, ni sátẹ́láìtì ń lò. Tó o bá gbé nọ́ńbà UTM (ètò tó ń fi mítà sọ ipò ibì kan) láti orí ìwé sínú WGS84 bẹ́ẹ̀, yóò já sí gúúsù pẹ̀lú nǹkan bí 200 mítà. Ní àfonífojì tóóró, òdìkejì òkè nìyẹn. Nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà fún máàpù, sọ fún un pé nọ́ńbà náà jẹ́ EPSG:26711 (kóòdù NAD27 fún agbègbè yẹn), kó o tó wá yí i padà sí 32611 (ti WGS84). Má kàn pààrọ̀ orúkọ lórí fáìlì: ìyẹn kì í gbé àmì kúrò lójú kan, àṣìṣe yẹn á kàn fara pamọ́ ni. Wo etí máàpù nísàlẹ̀ lápá òsì, wọ́n kọ dátọ̀mù síbẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìlà kékeré tó já-já wà ní igun tó ń fi ipò NAD83, dátọ̀mù tó tẹ̀ lé NAD27, hàn.

Ní ti àmì: ohun èlò ìwalẹ̀ méjì tó gba ara wọn kọjá ni ibi ìwakùsà, igun mẹ́rin tí wọ́n kùn dúdú ní ìdajì ni ihò tó sọ̀ kalẹ̀, x kékeré, wọ́n kàn dán ilẹ̀ ibẹ̀ wò ni, má kà á sí pé wọ́n rí nǹkan. Panamint City, ìlú fàdákà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1873, omíyalé ti gbá púpọ̀ nínú rẹ̀ lọ ní 1876, nítorí náà má retí ilé níbẹ̀.

Tó o bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí nílé, dátọ̀mù Minna ni máàpù tiwa. Ìlà 6° ìlà oòrùn gba àárín wa kọjá: Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀ wà ní sóònù 31, ìyẹn ìpín UTM kan (kóòdù 26331), Kàbà wà ní 32 (kóòdù 26332). Ṣì wọ́n mú, àmì rẹ yóò fò ju 600 kìlómítà lọ. Ihò àwọn awakùsà tó wà lápá Ìsánlú kò sì sí lórí máàpù àtijọ́ wa rárá; koríko máa ń bò wọ́n lásìkò òjò, fi ọ̀pá gún ilẹ̀ kó o tó gbẹ́sẹ̀.