Ọmú kí ọmọ tó wọ tíátà: ẹ bi wọ́n ní aago

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá ọmọ oṣù 8. Ẹ ní wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún ọmọ yín, pé nọ́ọ̀sì ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan láti aago 12 òru, ẹ wá ń béèrè bóyá ọmú wà nínú ẹ̀.

Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó sọ aago tí wọ́n máa gbé ọmọ wọlé, èmi náà, ọ̀dẹ̀, mi ò béèrè. Aago 7 àárọ̀ la dé. Aago 9, iná lọ. Aago 10, wọ́n ṣì ń wá ẹni tí kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ọmọ ń forí gbá mi láyà, ó ń fa aṣọ mi, wàrà ń jò sí mi lára. Mo gbé e fún bàbá ẹ̀, torí tó bá ti gbóòórùn mi báyìí, igbe tún dé. Ìyá ọkọ mi gbé ògì dání nínú fúláàsì, ó ní ṣé mo fẹ́ pa ọmọ ni. Nígbà tó máa fi di aago 12 ọ̀sán, ọmọ ò sunkún mọ́. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà. Àfìgbà tí mo pariwo kí wọ́n tó fa dírípù sí i. Dókítà àgbà kan wá dé, ó ní, “Ta ló ní kẹ́ ẹ má fún un lọ́mú látòru?” Bíi pé èmi ni mo kọ ọ́ sínú fáìlì!

Ọmú wà nínú ẹ̀, àmọ́ kì í ṣe látòru: ó ku wákàtí 4 kí wọ́n kun ọmọ lóorun ni kẹ́ ẹ dá ọmú dúró. Wàrà agolo àti ògì, wákàtí 6. Omi lásán, wákàtí 2. Oníṣègùn tó máa kun ọmọ lóorun ni kẹ́ ẹ bi ní aago, kẹ́ ẹ wá kà á sẹ́yìn. Ẹ má sì fi àánú yọ́ fún un lẹ́yìn ìyẹn o. Tí oorun yẹn bá ti gbé ọmọ, ohun tó wà níkùn lè rú sókè, kó gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ má fi ọ̀finkìn pamọ́. Obìnrin kan ní wọ́ọ̀dù wa nu imú ọmọ ẹ̀ mọ́ fínnífínní. Wọ́n gbọ́ ọ láyà ọmọ, wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó bínú títí. Ọ̀nà èémí ọmọdé kéré, ọ̀finkìn lè mú kó fún pa lójijì nídìí oògùn oorun. Ẹ sọ àgbo tẹ́ ẹ ti fún un náà, àti bí oṣù ẹ̀ ò bá pé kẹ́ ẹ tó bí i.

Kí wọ́n wọn ọmọ lójú yín! Kílò ni wọ́n fi ń ṣírò oògùn, ìwọ̀n oṣù méjì sẹ́yìn ni wọ́n sì fẹ́ lò fún tèmi.

Tó bá jí, ó lè máa jà bíi pé kò mọ̀ yín rí. Tèmi ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú. Nọ́ọ̀sì ṣì ń sọ pé kí n ní sùúrù, mo ti ń tú bọ́tìnì.