Brut àti net: ìdáhùn fún jórinjórin tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Ròmáníà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Jórinjórin ni mí n'Íbàdàn, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Iléeṣẹ́ kan ní Ploiești, ní orílẹ̀-èdè Ròmáníà, fẹ́ gbà mí síṣẹ́. 6,500 lei, owó Ròmáníà, lóṣù ni wọ́n kọ sínú ìwé, wọ́n sì ní àwọn á fún mi nílé. Ajẹ́ńtì tó mú iṣẹ́ náà wá ní tí mo bá ti débẹ̀, mo lè kọjá sí Jámánì lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ṣé owó yìí á tó mi jẹ, kó sì tún ku èyí tí máa fi ránṣẹ́ sílé? Kí ni máa máa jẹ níbẹ̀? Ṣé kí n ti ra kóòtù òtútù láti ìhín? Mo tún fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ kí ẹ bá mi wò ó.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà lẹ́yìn 6,500 yẹn nínú ìwé tí o fi ránṣẹ́, o ò sì mẹ́nu bà á. "Brut" ni wọ́n kọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣírò owó oṣù àwọn àlejò tó ń ṣiṣẹ́ ní Bucharest, ọ̀rọ̀ kékeré yìí ló sì ń bá wọn lójijì jù lọ́jọ́ tí owó oṣù àkọ́kọ́ bá wọlé. Brut ni owó tí ìjọba kò tíì fọwọ́ kàn. Èyí tó máa wọ àkáǹtì rẹ ni wọ́n ń pè ní "net".

Jẹ́ ká jọ ṣe é. Nínú 6,500, wọ́n á yọ ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń pè ní CAS: 1,625 nìyẹn. Wọ́n á tún yọ ìdá mẹ́wàá fún ìlera, CASS: 650. Ó ku 4,225. Inú èyí tó kù yìí ni wọ́n ti máa yọ owó orí, ìdá mẹ́wàá, nǹkan bíi 423. Nǹkan bíi 3,802 lei ló máa kàn ọ́ lọ́wọ́. Lei márùn-ún àti díẹ̀ ló ń lọ fún yúrò kan, nítorí náà nǹkan bíi 750 yúrò là ń sọ, kì í ṣe èyí tó lé ní 1,200 tí ó ṣeé ṣe kí o ti fi máa kọ́lé lọ́kàn.

Mi ò ní owó náà burú o. Ní ọdún 2025, 4,050 lei brut ni òfin ní kí owó oṣù tó kéré jù jẹ́, tìrẹ sì fi dáadáa ju ìyẹn lọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé net ni kí o fi ṣètò ayé rẹ. Tí wọ́n bá sì tún sọ fún ọ pé "tichete de masă" wà, tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ tí wọ́n ń kó sórí káàdì ni. Oúnjẹ ló wà fún. Má kà á mọ́ owó tí ìyá rẹ ń retí.

Ní ti ilé, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí o tó fọwọ́ sí i: ṣé wọ́n á máa yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù rẹ, èèyàn mélòó ni yóò sì máa sùn nínú yàrá kan? Ilé tí iléeṣẹ́ bá fún èèyàn lè jẹ́ bẹ́ẹ̀dì alájà méjì, kí ẹ jẹ́ mẹ́rin nínú yàrá. Ní ọdún àkọ́kọ́, èmi ò rí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí ó ń dá owó dúró. Ìgbà tí o bá fẹ́ dá gbé ni kí o la ojú rẹ. "Apartament cu două camere" dún bí ilé oníyàrá méjì, ṣùgbọ́n wọ́n ń ka pálọ̀ mọ́ ọn. Rúùmù àti pálọ̀ tiwa náà ni. "Garsonieră" ni ti ẹni tó dá wà: yàrá kan, ilé ìdáná, balùwẹ̀.

Àfikún owó ilé kan wà tó ń jẹ́ "întreținere", òun ló kọ́ èmi lọ́gbọ́n. Mo rò pé mo ti san owó ilé tán. Lóṣù January mo rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, nọ́ńbà yàrá gbogbo wa wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú iye tí kálukú jẹ. Mo wo nọ́ńbà tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Omi, ilẹ̀ dída, iná àtẹ̀gùn, àti owó ooru tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù ló wà níbẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá ń pín owó NEPA ní ilé ojúkojú, àyàfi pé kò sẹ́ni tó ń jà. Bi onílé léèrè iye tó jẹ́ nígbà òtútù kí o tó gba kọ́kọ́rọ́. Kí o sì rí i pé onílé fi orúkọ àdéhùn yín sílẹ̀ ní ANAF, iléeṣẹ́ owó orí. Àwọn kan kì í fẹ́ ṣe é nítorí owó orí, bẹ́ẹ̀ wọ́n á bi ọ́ ní ẹ̀rí ibi tí ò ń gbé nígbà tí o bá ń gba ìwé ìgbélùú.

Ìwé ìgbélùú yẹn ni "permis de ședere". Iléeṣẹ́ tó gbà ọ́ ni yóò kọ́kọ́ gba àṣẹ ìgbanisíṣẹ́ lọ́dọ̀ Inspectoratul General pentru Imigrări, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì, kí ìwọ tó lọ gba físà ní ilé aṣojú wọn l'Ábújá. Tí o bá ti wọ̀lú, ó kéré tán kí físà ku ọgbọ̀n ọjọ́ ni kí o ti gbé ìwé lọ fún permis. Má jẹ́ kí ọ̀gá sún un síwájú fún ọ. CNP rẹ wà lára káàdì náà, ó jọ NIN, ṣùgbọ́n dígíìtì mẹ́tàlá ni. Báńkì, dókítà, gbogbo wọn ló máa bi ọ́. Níwọ̀n bí wọ́n ti ń yọ CASS lọ́wọ́ rẹ, lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ "medic de familie", dókítà ìdílé, kí owó náà má lọ lásán.

Jámánì tí ajẹ́ńtì ń sọ ńkọ́? Lóòótọ́, Ròmáníà ti wọ Schengen tán ní January 2025, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n ṣí ààlà wọn fún ara wọn, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣí ààlà òfurufú àti ti òkun ní March 2024. Permis rẹ á jẹ́ kí o lọ ṣèbẹ̀wò fún 90 ọjọ́ láàárín 180. Ìbẹ̀wò ni o. Iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ yẹn gbà ọ́ fún ni ìwé rẹ so mọ́. Ajẹ́ńtì tó bá ń sọ fún ọ pé o lè ṣiṣẹ́ ní Jámánì pẹ̀lú rẹ̀ ń parọ́ fún ọ, tàbí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ò mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì.

Oúnjẹ kò le. Wá "griș" ní ṣọ́ọ̀bù, sẹ́mó ni. "Mălai" ni àgbàdo lílọ̀ tí wọ́n fi ń ro mămăligă, tùwó náà ni lójú mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń fi wàràkàṣì jẹ ẹ́. Wọ́n ní ọbẹ̀ ṣàkì tó ń jẹ́ "ciorbă de burtă", ó máa ń kan díẹ̀, wọ́n á sì gbé ata tútù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí o máa gé e jẹ. Spanac dáa fún ẹ̀fọ́. Gbé èlùbọ́ wá, ṣùgbọ́n fi ẹran gbígbẹ, kílíṣí àti wàrà sílẹ̀. Òfin Yúróòpù kò jẹ́ kí wọ́n wọlé nínú báàgì èrò.

Èdè wọn á yá ọ lára ju bí o ṣe rò lọ. Ș tiwọn náà ni ṣ tiwa, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Wọ́n sì ní "dumneavoastră" fún àgbà àti ọ̀gá, bí a ṣe ní "ẹ". Má pe ìyá àgbà tó bá ọ lórí àtẹ̀gùn ní "tu", ìyẹn "ìwọ". "Sărut mâna" ni kí o kí i, ó túmọ̀ sí "mo fẹnu ko ọwọ́ yín". Ìyá onílé mi tí kì í dáhùn "bună ziua" mi, ìyẹn "ẹ káàsán", bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bí mo ṣe sùn.

Má ra kóòtù n'Íbàdàn. Ṣọ́ọ̀bù bẹ́ńdàǹ pọ̀ níbẹ̀, "second hand" ni wọ́n ń kọ sí ojú ilé. Àwọn mìíràn ń fi kílò tà, owó sì ń wálẹ̀ títí wọ́n á fi kó ọjà tuntun dé. Kóòtù tó nípọn á wà níbẹ̀ fún ọ. Bàtà ni kí o ra ní tuntun, kí o sì fi nọ́ńbà kan ju ẹsẹ̀ rẹ lọ, kí ìbọ̀sẹ̀ méjì lè wọ inú rẹ̀.