370Z méjì, máílì 41,000 àbí 88,000: ohun tí mo rí sí i rèé, Ẹ̀gbọ́n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìfaradà ọ̀nà jíjìn. Mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èsì. Ẹ ní ẹ fẹ́ ra ọkọ̀ eré Nissan 370Z àlòkù sílẹ̀ nílé kí ẹ tó dé, àbúrò yín sì ti rí méjì. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ 2013, máílì 41,000, gíà ọlọ́wọ́, ó ní Sport Package (àkójọ ohun èlò eré), àga aláwọ, navigation, kò sí ohun tí ò sí nínú ẹ̀, àmọ́ ẹni tó ń tà á ò ní ìwé sáfíìsì kankan. Ìkejì jẹ́ 2014, máílì 88,000, gíà ọlọ́wọ́ náà ni, àga aláṣọ, kò ní Sport Package, ṣùgbọ́n ìwé sáfíìsì ẹ̀ pé látìbẹ̀rẹ̀, owó ẹ̀ sì fi bí ìdá kan nínú márùn-ún kéré sí ti àkọ́kọ́. Ẹ ní ọkàn yín ń fà sí 2013 torí pé máílì ẹ̀ kéré.

Ẹ jọ̀ọ́ Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀ lórí máílì yẹn.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Mo ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì kan lórí fóònù lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mi ò ní dárúkọ irú ọkọ̀ náà tàbí ẹni tó tà á, máílì 52,000 ló wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, fótò ẹ̀ ń dán, mo fowó ránṣẹ́. Nígbà tí mo délé tí mo jókòó sínú ẹ̀, awọ sítíárìn ti bó níbi tí ọwọ́ máa ń wà, rọ́bà orí pẹ́dà bíréèkì ti jẹ tán títí dórí irin. Mẹkáníìkì fi sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, wọ kọ̀ǹpútà tó ń darí gíà, 117,000 ló bá níbẹ̀. Ẹni tó yí nọ́ńbà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù padà ò mọ̀ pé kọ̀ǹpútà gíà ti tọ́jú tiẹ̀ síbòmíràn. Owó tí mo fi tún ọkọ̀ yẹn ṣe, mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì san irú ẹ̀.

Torí náà kí àbúrò yín kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí. Láti 2013 di òní ti ju ọdún 10 lọ, tí ẹ bá pín 41,000 sí 10, ó jẹ́ máílì 4,100 lọ́dún, bẹ́ẹ̀ sì rèé ọ̀pọ̀ èèyàn ń wa mọ́tò tó máílì 10,000 sókè lọ́dún kan. Mi ò ní irọ́ ni o, irú ọkọ̀ eré báyìí àwọn kan wà tó jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbé e jáde. Àmọ́ tó bá jẹ́ òótọ́ gan-an, ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ náà ti jókòó pẹ́, ọkọ̀ tó bá jókòó pẹ́ rọ́bà ẹ̀ á gan, bátìrì á kú, ọ́ìlì á gbó nínú ẹ́ńjìnnì láìjẹ́ pé ó rìn, táyà á le bí igi. Kí ó wo ara táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà ní ìparí kóòdù tí wọ́n fi DOT bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kẹ́yìn ni ọdún, ìyẹn ni pé 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Tí táyà bá ti lé ní ọdún 6, kódà tí ojú ẹ̀ ṣì nípọn, ẹ fi owó táyà tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kún iye ọkọ̀ yẹn. Kí ó tún wo bóyá máílì ni dáṣíbọ́ọ̀dù ń kà àbí kìlómítà, torí 88,000 kìlómítà jẹ́ bíi máílì 54,700 péré, ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, àwọn tó ń tà sì máa ń ṣì í sọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀gbẹ́ àga awakọ̀. 370Z wà nílẹ̀ gan-an, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi ìdí gun ẹ̀gbẹ́ àga yẹn kó tó jókòó, torí náà ibẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń ya. Tí ẹ̀gbẹ́ àga bá ti fọ́ nínú ọkọ̀ tí wọ́n ní ó rin 41,000, kí ó béèrè ìdí. Ilẹ̀kùn náà gùn ó sì wúwo, kí ó ṣí i tán kó wò ó bóyá ó ń wá sílẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ tì í.

VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, wá ńkọ́. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀, kò gbọ́dọ̀ sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú ẹ̀. 370Z láti Japan ni wọ́n ti ń ṣe é, JN1 ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ka lẹ́tà kẹwàá: D ni 2013, E ni 2014. Kí àbúrò yín ya fótò eyí tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú àti eyí tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, kó fi wọ́n wé ti inú ìwé, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu. Tó bá jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kó ọkọ̀ náà wá, ẹ̀yin fúnra yín lè fi VIN náà ra ìròyìn Carfax, ìyẹn ìtàn ọkọ̀ náà, láti ibi tí ẹ wà, ẹ ó rí máílì tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n ìjàǹbá tí wọn ò fi tó ìnṣọ́ránsì tàbí ọlọ́pàá létí lè má sí níbẹ̀, ẹ má fi í rọ́pò ojú pánẹ́ẹ̀lì bítà tó mọṣẹ́.

Ní ti àwọn ohun tó wà nínú ọkọ̀, ìbéèrè kan ni mo máa ń bi ara mi: ṣé mo lè fi í sí i lẹ́yìn tí mo bá rà á? Àga aláwọ, èèyàn lè rán an. Navigation ti 2013, fóònù ọwọ́ yín dára jù ú lọ, mi ò ní san kọ́bọ̀ lé e. Àmọ́ Sport Package ọ̀rọ̀ mìíràn ni: ó ní bíréèkì tó tóbi, ó ní LSD tó ń pín agbára fún táyà ẹ̀yìn méjèèjì, ó sì ní SynchroRev Match tó ń bá yín gbé ẹ́ńjìnnì sókè tí ẹ bá ń já gíà wálẹ̀. Ìwọ̀nyí tọ́ sí owó, ó ṣòro láti fi wọ́n sí i tó bá yá. Ìnáwó ẹ̀ náà wá wà níbẹ̀ o, rííìmù íǹṣì 19 ni, táyà iwájú 245/40, ti ẹ̀yìn 275/35, ti ẹ̀yìn fẹ̀ ju ti iwájú lọ, ẹ ò lè gbé ti iwájú sẹ́yìn, eti táyà yẹn tẹ́ẹ́rẹ́, kòtò kan ṣoṣo lè tẹ rííìmù. Èyí tí kò ní Sport Package, 18 ló wọ̀, eti táyà ẹ̀ ga díẹ̀, owó ẹ̀ sì rọrùn. Ẹ ti sọ fún wa pé ẹ fẹ́ máa wà á nígbà ìsinmi ni, ẹ ò mú un lọ síbi ìdíje, èmi ò rí ohun tí ẹ fẹ́ fi bíréèkì ńlá ṣe nínú ìyẹn.

Iye tí wọ́n dá lé ọkọ̀ kọ́ ni iye tí ẹ máa san. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ gbogbo ohun tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa bèèrè láàárín ọdún àkọ́kọ́ sí i. Ti 2014 yẹn, ìwé ẹ̀ á sọ fún yín bóyá wọ́n ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, tí wọn ò bá tíì ṣe é, ó ti ń sún mọ́ ọn. Ti 2013, nígbà tí kò sí ìwé, ẹ gbà pé kò sí ohun tí wọ́n ṣe rí: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ti gíà, ti bíréèkì, omi ràdíétọ̀, bátìrì, gbogbo ẹ̀ ni kí ẹ kà sí ọrùn yín. Ẹ́ńjìnnì lítà 3.7 yìí ṣéènì ló ń lò, kì í ṣe bẹ́líìtì, torí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó tàímìnì bẹ́líìtì lọ́wọ́ yín. Ohun tó máa ń yọ àwọn tó ní gíà ọlọ́wọ́ lẹ́nu jù ni CSC, ìyẹn sìlíńdà tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì, inú ilé gíà ló wà, tó bá ti ń jò, pẹ́dà á rọ̀, á wọlẹ̀, kò ní padà wá sókè, wọ́n sì gbọ́dọ̀ sọ gíà sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ lára méjèèjì. Tó bá wà nínú ìwé 2014, ọkọ̀ yẹn ti ṣáájú jìnnà nìyẹn.

Èyí tó kù, àbúrò yín ló máa ṣe é, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kó fo ìkankan. Kó lọ ní òwúrọ̀ kùtù, kó má sọ àsìkò fún ẹni tó ń tà á, kó gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì kó tutù, torí ẹni tó mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì òun ń pariwo tí ò bá tíì gbóná ló máa ń tan án sílẹ̀ dè yín. Kí ó ti máa ká fídíò kí wọ́n tó ṣíná, kí ojú kámẹ́rà wà lára sálẹ́ńsà. Èéfín búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tó nípọn tí kò lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ. Èéfín dúdú, epo tó ń jó ti pọ̀ jù. Kó wà á tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó pa rédíò. Mẹkáníìkì tó bá a lọ, ẹ̀yin ni kí ẹ sanwó fún un, kó má jẹ́ ẹni tí ẹni tó ń tà á bá yín mú wá, kí ó gbé sikánà dání, kí ó ka máílì inú dáṣíbọ́ọ̀dù àti ti àwọn kọ̀ǹpútà yòókù tó bá tọ́jú ẹ̀.

Tó bá jẹ́ èmi, 2014 ni mo máa rà. Máílì 88,000 tí mo mọ bó ṣe rìn ín tẹ́ mi lọ́rùn ju 41,000 tí ẹnìkan ṣáà sọ fún mi lọ, ìdá kan nínú márùn-ún tó ṣẹ́kù sọ́wọ́ yín yẹn ni ẹ ó fi ra táyà àti púlọ́ọ̀gì. Àfi tí ẹni tó ni 2013 bá gbà kí wọ́n fi sikánà wọ̀ ọ́, tí nọ́ńbà ẹ̀ bá bára mu, tó sì gbé owó ẹ̀ wálẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti ìkejì, nígbà náà mo lè bá yín tún un wò. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ má san àsansílẹ̀ kankan, ì báà jẹ́ kékeré. Tó bá sì kọ̀ pé sikánà ò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ òun, kí àbúrò yín dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kó máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni 2014.