Ohun èlò àkọ́kọ́ fún ẹni tó fẹ́ máa yọ òróró koríko ọba nílé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Kubwa ní Abuja ni mò ń gbé, ọṣẹ àti ìpara ni mò ń ṣe tà. Òróró koríko ọba tí mò ń rà ti wọ́n jù, nígbà míì wọ́n á tún ti bu nǹkan mìíràn lù ú. Bẹ́ẹ̀, koríko ọba kún ẹ̀yìnkùlé mi. Mo fẹ́ máa yọ òróró rẹ̀ fúnra mi. Wẹ́dà kan ní Dei-Dei ní òun á bá mi ṣe ìkòkò 50 lítà. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra onígíláàsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ mi sì ń sọ pé a lè máa fi ìkòkò kan náà sè ògógóró. Kí ni kí n kọ́kọ́ rà? (Oníṣẹ́ ọṣẹ, Kubwa)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹ má tíì fún wẹ́dà ní kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ti dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sè ògógóró létí omi ní Ìlàjẹ ti rí gbogbo ohun tí ẹ nílò: dúrọ́ọ̀mù lórí iná, páìpù tó gba inú omi tútù kọjá, ìgò lẹ́nu páìpù. Ewé lẹ̀yin fẹ́ sè, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni. Ooru omi máa ń gbé òróró jáde lára ewé, ibi tútù á sọ ooru náà di omi padà, òróró á sì léfòó. Ìkòkò wo ni omi kì í hó nínú rẹ̀? Ibi ìtutù ni iṣẹ́ wà, ibẹ̀ ni kí owó yín lọ.

Ìyà ló kọ́ mi. Ìkòkò ńlá ni mo fi owó rà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, mo wá ki páìpù kúkúrú bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan. Oṣù Ẹrẹ́nà ni, ooru Abuja sì ń bẹ níta. Kò pẹ́ tí omi bọ́kẹ́ẹ̀tì fi gbóná débi pé ọwọ́ ò lè wọ inú rẹ̀. Ooru bẹ̀rẹ̀ sí í fọn lẹ́nu páìpù, òórùn koríko ọba gba gbogbo àgbàlá. Òróró mi ló ń fò lọ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Kí ooru tó lè di omi lítà kan, ó máa ń gba omi ìtutù bíi 25 lítà, tí omi náà bá wọlé ní ìwọ̀n 30 Celsius tó sì jáde ní 55. Kẹ́ẹ̀gì mai ruwa (àwọn tó ń ta omi kiri) kan gbáko nìyẹn fún lítà kan ṣoṣo, ẹ sì mọ bí mai ruwa ṣe ń wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí omi ṣàn dànù. Dúrọ́ọ̀mù 200 lítà ni kí ẹ rà. Ẹ ká páìpù bàbà sínú rẹ̀ bí ejò, kí ó gba òkè wọlé, kí ó gba ihò ìsàlẹ̀ jáde. Omi gbígbóná á dúró sókè, ìsàlẹ̀ á ṣì tutù. Bí ẹ bá gba lítà 3 nínú ẹ̀rọ yìí, bíi ìwọ̀n 9 sí 10 péré ni gbogbo omi dúrọ́ọ̀mù náà á fi gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ tún lò ó. Kò nílò iná NEPA rárá.

Páìpù náà ni èyí táwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń lò, bíi mítà 6. Ẹ kọ́kọ́ rọ yanrìn gbígbẹ kún inú rẹ̀ kí ẹ tó ká a mọ́ ara bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà, kí ó má baà ṣẹ́. Ẹ wá da yanrìn náà nù, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa. Kí ó máa dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá tẹ̀ sílẹ̀ ni omi á jókòó sí. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni ta rédíétọ̀ ọkọ̀ àlòkù fún yín láti fi ṣe ìtutù. Òjé máa ń wà nínú ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, ara sì ni ẹ fẹ́ fi òróró yìí pa.

Ìkòkò ńkọ́? Sítéńlẹ́ẹ̀sì, 20 sí 25 lítà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. 50 lítà á fẹ́ iná tó le, ooru rẹ̀ á sì borí ìtutù yín. Onígíláàsì dára fún kíláàsì kẹ́mísírì: ìwọ̀nba ewé ló ń gbà, ó sì ń fọ́. Ẹ gbé asẹ́ sínú ìkòkò kí ewé jókòó lókè omi, kí ó má jóná. Fún ìdérí, ẹ má lo róbà, òróró koríko ọba máa ń jẹ ẹ́. Ẹ po fúláwà bí ìgbà tí ẹ fẹ́ ṣe búrẹ́dì, ẹ fi lẹ etí ìdérí yíká. Ẹ má ṣe fi bóòtù dè é. Bí páìpù bá dí, fúláwà náà á là kí ìkòkò tó bú gbàù.

Ẹ ò nílò tẹmómítà nínú ìkòkò, omi kò ní hó ju bíi ìwọ̀n 98 lọ ní Abuja. Ẹnu páìpù ni kí ẹ máa fọwọ́ kàn. Tí ọwọ́ yín ò bá lè dúró níbẹ̀, ẹ dín iná kù.

Ẹ fi ìgò gíláàsì ọlọ́rùn tóóró gba ohun tó ń kán. Bó bá dúró, òróró á gòkè wá sí ọrùn ìgò, ó máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹ ó sì fi síríńjì aláìlábẹ́rẹ́ fà á. Ẹ má retí púpọ̀. Ewé kílò 3 lè fún yín ní bíi mílílítà 6 sí 15. Omi olóòórùn tó kù lábẹ́ rẹ̀ ló pọ̀, ó sì wúlò nínú ọṣẹ, ẹ má dà á nù.

Ní ti ògógóró, ẹ sọ fún bàbá kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Ní 2015, ọtí tí methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀ pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òde-Irèlè, ní ìpínlẹ̀ Òndó. Ojú ò lè rí methanol, ahọ́n ò sì lè dá a mọ̀. Tí wọ́n bá sì gbé ọtí kọjá sí Kánò, òfin ìpínlẹ̀ tó ka ọtí léèwọ̀ ń bẹ níbẹ̀.

Níta gbangba ni kí ẹ ti dáná, kí sílíńdà gáàsì jìnnà sí iná. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi àti fínígà díẹ̀ ni kí ẹ sè láìsí ewé, kí ẹ da gbogbo ohun tó bá jáde nù, torí páìpù tuntun máa ń ní gírísì nínú. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ gé koríko ọba, kí ẹ sá a sí ibòòji di alẹ́ kí ó rọ̀ díẹ̀, kí ẹ wá bẹ̀rẹ̀.