Ṣé ìbòrí eyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè bo àwọ̀ eérú?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 33 ni mí, Ìbàdàn ni mo sì ń gbé. Láti kékeré ni ilà aláwọ̀ eérú ti wà lára eyín iwájú mi lókè. Ìyá mi sọ pé oògùn tetracycline tí wọ́n fún mi nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta ló fà á. Mo wá rí ìpolówó ìbòrí eyín tánńganran kan tó fẹ́lẹ́ gan-an, tí wọ́n ní àwọn kì í rẹ́ eyín kí àwọn tó lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní London ní kí n má dán an wò, pé òun mọ ẹni tí wọ́n rẹ́ eyín rẹ̀ di kùkùté ní Tọ́kì. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Mo ní eéjì pẹ̀lú, mi ò sì fẹ́ kó dí.

Ìdáhùn: Ó dára tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń sọ yàtọ̀ sí ohun tí ẹ rí nínú ìpolówó. Eyín tí wọ́n bá rẹ́ di kùkùté, adé eyín ni wọ́n máa ń fi bò ó yípo. Iwájú eyín ni veneer, ìyẹn ìbòrí, ń bò ní tirẹ̀, bí àwọn obìnrin ṣe ń lẹ èékánná mọ́ èyí tí Ọlọ́run fún wọn. Ìbòrí tánńganran tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń nípọn tó 0.5 sí 0.7 mìlímítà, ti inú ìpolówó yín sábà máa ń jẹ́ 0.2 sí 0.3.

Síbẹ̀, ẹ̀rù tó ń ba ẹ̀gbọ́n yín lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Èèpo òde eyín tó le koko kì í hù padà tí wọ́n bá ti rẹ́ ẹ, ara rẹ̀ sì ni ìbòrí ti ń mú dáadáa. Ọdún 1955 ni Michael Buonocore, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé bí a bá fi ásíìdì kan èèpo náà, yóò rí ṣákiṣàki, ohun tí a lẹ̀ mọ́ ọn yóò sì dúró. Kó tó dìgbà náà, ìbòrí tí dókítà eyín kan, Charles Pincus, ń ṣe fún àwọn òṣèré fíìmù ní California kì í pẹ́ lẹ́nu. Abẹ́ èèpo yìí kún fún ihò wínníwínní tó lọ sọ́dọ̀ iṣan, ìdí nìyẹn tí omi tútù fi máa ń ta eyín tí wọ́n bá rẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n fífẹ́lẹ́ yẹn gan-an ni kò bá ọ̀rọ̀ tiyín mu. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú tánńganran tó fẹ́lẹ́ kọjá, nítorí náà, bí ìgbà tí ènìyàn wọ léèsì funfun lé àwọ̀tẹ́lẹ̀ dúdú ni àwọ̀ eérú yẹn yóò rí. Bí wọ́n bá sì mú un nípọn láìrẹ́ eyín rárá, eyín yóò yọ síta jù, oúnjẹ yóò máa há sí etí rẹ̀, ẹran ìdí eyín yóò sì máa wú.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà eyín fún yín ní oògùn tó ń mú eyín funfun, èyí tí a ń fi sínú àwo ròbà tó bá ẹnu yín mu lálaalẹ́. Irú àbàwọ́n yìí kì í lọ bọ̀rọ̀. Ó lè gba oṣù mẹ́ta, ó sì lè gba mẹ́fà. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn tí ẹ bá ti lẹ ìbòrí, nítorí oògùn náà kì í yí àwọ̀ tánńganran padà. Bí ilà náà bá ti rọ̀, ìbòrí tó fẹ́lẹ́ lè tó. Bí kò bá rọ̀, èyí tó nípọn díẹ̀ ni, pẹ̀lú rírẹ́ díẹ̀ tí kò kọjá èèpo òde.

Ẹ ṣírò owó rẹ̀ dáadáa pẹ̀lú, torí ìbòrí tó lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì lè fẹ́ pààrọ̀. Bí ẹ bá ń payín keke lójú oorun, ẹ sọ fún dókítà, kí ẹ sì yé fi eyín ṣí ìgò.

Ní ti eéjì yín, kò sí ohun tó ní kó dí, àfi bí ẹ kò bá sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìbòrí tí a lè yọ dán an wò lẹ́nu yín. Ẹ wo dígí, ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Bí àlàfo náà bá ti kéré sí bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe kí wọ́n tó lẹ ti tánńganran.